Ìjàpá Tó Kú Sínú Ìwé

Ìwé kan wà nínú àpótí ìyá mi ní Sakin, nílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, tí a fi aṣọ funfun wé nítorí eruku àti ikán. Awọ pupa ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀, etí àwọn ewé rẹ̀ náà sì ń dán bí oòrùn bá bà á. Bàbá bàbá mi, tí wọ́n ṣe olùkọ́ nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, ni wọ́n ni ín. Ìtàn àwọn ẹranko ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Jean de La Fontaine fi ewì Faransé kọ, tòun ti àwòrán Gustave Doré tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Paris ní 1867.

Bàbá àgbà á ní ká lọ fọwọ́, ká nù ún gbẹ, ká tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n á ṣí ìwé, òórùn awọ àti bébà àtijọ́ á jáde. Wọ́n á ka Faransé rẹ̀, wọ́n á sì tún un sọ ní èdè wa. Èyí tí wọ́n ń tún sọ yẹn gan-an ni mo máa ń retí.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tí La Fontaine fúnra rẹ̀ ṣe nìyẹn. Nígbà tí ó gbé ìpín àkọ́kọ́ jáde ní 1668, ti Aesop ará Gíríìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1678, ó kọ ọ́ sí iwájú ìpín kejì pé òun jẹ Pilpay, ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà, ní gbèsè púpọ̀. Ìrìn àjò àwọn ìtàn Íńdíà wọ̀nyí gùn. Burzoy ló gbé wọn wọ èdè Páṣíà ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Ibn al-Muqaffa' sọ wọ́n di ti Lárúbáwá lẹ́yìn igba ọdún, wọ́n tún padà sí Páṣíà, kí wọ́n tó di Faransé ní 1644. Ibi gbogbo tí wọ́n dé ni wọ́n ti gba ẹnu tuntun.

Ọ̀kan nínú wọn ni ti Ìjàpá àti pẹ́pẹ́yẹ méjì. Ihò rẹ̀ ti sú Ìjàpá, ó fẹ́ rí ayé. Pẹ́pẹ́yẹ ní àwọn á gbé e dé Amẹ́ríkà pàápàá. Wọ́n mú igi kan, Ìjàpá fi ẹnu di àárín rẹ̀ mú, àwọn pẹ́pẹ́yẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n fò. Àwọn tó wà nílẹ̀ ń pariwo pé ọbabìnrin àwọn ìjàpá ló ń kọjá. Ó la ẹnu láti dáhùn pé òun ni lóòótọ́. Bí igi ṣe bọ́ nìyẹn. Ó já lulẹ̀, ó fọ́, ó kú.

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí nítòsí lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá àgbà ka èyí fún wa. Ọwọ́ wọn dúró.

“Ó kú kẹ̀, baálé mi? Àlọ́ ta ni a ó wá pa lọ́la?”

Bàbá àgbà pa ìwé dé. Ìyá àgbà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n pa àlọ́ ìyàn tó mú, tí Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run, tí Ìjàpá fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè gun okùn lọ jẹun níbẹ̀. Wọ́n gé okùn, òun náà já lulẹ̀, ó fọ́ yángá. Ṣùgbọ́n èèrà àti aáyán dé, wọ́n ń ṣa èèpo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó padà. Àpá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ dòní.

Ìbéèrè ìyá àgbà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nínú ìwé aláwọ pupa yẹn, ìjàpá tó kú ní apá kẹwàá kì í ṣe èyí tó borí ehoro nínú eré sísá ní apá kẹfà. Ìtàn kọ̀ọ̀kan parí sí ojú ewé tirẹ̀. Ní tiwa, Ìjàpá kan ṣoṣo ló wà, ọkọ Yánníbo. Òun ló jí iṣu lánàá, òun náà la ó tún gbọ́ lọ́la. Bó bá kú lónìí, àlọ́ parí. Ìtàn Faransé kọ́ ọmọ pé kó pa ẹnu mọ́. Ti ìyá àgbà fi hàn mí pé ọ̀kánjúwà ṣì ń gbé láàrin wa, àpá lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó tún un tò kò sì lé e lọ. Ní tèmi, ti ìyá àgbà jinlẹ̀ jù.

Ní Nàìjíríà, Adébóyè Babalọlá ti kó púpọ̀ jọ sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá. Mo fẹ́ kí ohùn Ṣábẹ̀ẹ́ náà wọ inú ìwé. Mo ti kọ ti ìyá àgbà mi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì fi sínú àpótí náà, lábẹ́ aṣọ funfun kan náà. Ìwọ tí ìyá àgbà rẹ ṣì wà láàyè ní Sakin, ní Kaboua tàbí ní Ofè, mú bíírò, lọ jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní, kí o bi wọ́n pé ta ló tún Ìjàpá tò.