Afẹ́fẹ́ Ọ̀sà Nínú Ilé Ìdáná Ìgàndó

Ẹni tó bá mọ Ìgàndó yóò mọ̀ pé òkun kò sí nítòsí wa. Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́, ilé sì ti kún un láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún, tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri ilé ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹnìkejì. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ yìí lé ní 1,270,000. Kí ló wá dé tí mo fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná etí omi fún yín? Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgàndó kó èsúsú. Ó ní òun fẹ́ fi owó náà tún ilé ìdáná òun ṣe, kí ó dà bí ti àwọn ilé etí òkun tí òun rí nínú àwòrán: ògiri funfun, kọ́bọ́ọ̀dù aláwọ̀ omi òkun, pẹpẹ onípákó, àti agbọ̀n tí wọ́n hun dáadáa. Káfíńtà dé, ó wọn ibẹ̀, ó ní àyè kò ní tó àfi bí àwọn bá dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Gáàsì wọ́n, nítorí náà igi àti èédú ni wọ́n ń dá nínú ilé náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí èéfín ti ń da ojú wọn láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, fárí gá.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bí ẹ bá dí ilẹ̀kùn yẹn, ibo ni èéfín yóò gbà jáde? Ṣé ojú mi ni?"

Ìyàwó kò fèsì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ọkọ wà láàárín, kò mọ ẹni tí òun ì bá gbè. Èmi ni mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo etí omi fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó náwó."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun àsúbà, àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ ní Ìgàndó, a gba títì LASU dé Ìyànà-Ìbà, a sì wọ òmíràn lọ sí Àgbádárìgì. Bí a ti ń sún mọ́ ibẹ̀ ni igi àgbọn ń pọ̀ sí i. Ìlú àwọn Ègùn ni, ẹ̀bá ọ̀sà ló wà, òkun sì wà lódìkejì. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó oníwàásù parí ní ọdún 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Omi ni ó kọjú sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù wá jù kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Obìnrin kan tó ń yan ẹja gbà wá láyè kí a wo ibi tí ó ti ń dáná. Àtíbàbà lásán ni: ẹ̀gbẹ́ méjì ṣí sílẹ̀, agbọ̀n rọ̀ sókè, ìkòkò tò sórí pẹpẹ, ààrò sì wà ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ. Ìyá jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí. Wọn kò húkọ́, omi kò sì jáde lójú wọn.

Ìyá ní, "Ẹ ò rí i? Afẹ́fẹ́ ló ń bá obìnrin yìí dáná."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo ṣe bí àwọ̀ ló ń jẹ́ etí òkun ni, àṣé afẹ́fẹ́ ni."

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá mọ bí a ti í ṣe fèrèsé onípákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tí kò sì gba oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894.

Nígbà tí a padà dé, wọn kò dí ilẹ̀kùn mọ́. Ní Èkó, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ọyẹ́ ló ń ti òkè ọya wá. Nítorí náà wọ́n la fèrèsé sí apá gúúsù, wọ́n sì la ihò sókè ògiri òdìkejì kí èéfín lè bá ibẹ̀ jáde. Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo rẹ̀, nítorí eṣinṣin ààtàn ńlá Solous kò ṣàjèjì sí ará Ìgàndó. Sílíndà gáàsì wà níta. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ̀gún sí, nítorí náà wọ́n dá ihò kan sí ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Igi dídá bọ́ sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé. Táìsì tí kì í yọ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ ìyá. Ògiri funfun ń mú kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù aláwọ̀ omi òkun náà kò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n méjì péré ni, kì í ṣe mẹ́fà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ èéfín kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 3,200,000 ènìyàn ni èéfín ìdáná inú ilé ṣe ikú pa káàkiri ayé. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn.

Ẹ̀sìn wa kọ ìsìráàfù. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sì kọ́ wa pé kí a máa bo ohun èlò oúnjẹ, kí a sì máa pa iná kí a tó sùn. Ilé ìdáná tó bá gba èyí láyè ti lẹ́wà ná. Ọ̀dà tó kù, ọ̀ṣọ́ ni.

Owó èsúsú náà kò tán. Èyí tó ṣẹ́kù ni ìyàwó fi mú ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Nígbà tí Ràmàdáánì dé, mo bá wọn jẹ sàárì ní ọjọ́ kan. Ìyá ni wọ́n ń ro ọkà, ìyàwó ń bu ọbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí Ọlọ́run Ọba fi ìrẹ́pọ̀ sí ilé gbogbo wa. Àmín.