Alùpùpù ń sáré, ògiri ò yẹ̀ lọ́nà: Ìrìn àjò sí Isle of Man látinú pálọ̀

Bí èèyàn bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tó tan PlayStation, tó sì fi géèmù tí wọ́n ń pè ní TT Isle of Man: Ride on the Edge sí i, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ò ní bà á lẹ́rù rárá. Títì kan báyìí ni, bíi títì àdúgbò èyíkéyìí. Ilé wà lápá ọ̀tún, ilé wà lápá òsì, fẹ́ǹsì wà níwájú ilé, òpó iná dúró gbọn-in lẹ́bàá ọ̀nà. Àfi ìgbà tí alùpùpù bá gbéra! Kí onítọ̀hún tó sọ pé kín leléyìí, títì ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, páàdì ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n, fẹ́ǹsì onífẹ́ǹsì ti wá pàdé ẹ̀. Gbàù! Ó ti ṣubú. Bẹ́ẹ̀, kò tíì lo ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀nà o.

Bray Hill ni wọ́n ń pe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn tó ṣe géèmù kàn fi ọwọ́ ara wọn yà. Títì gidi ni, ó wà ní Douglas, olú ìlú erékùṣù Isle of Man, tí òkun yí ká láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Àwọn èèyàn ń gbé inú àwọn ilé yẹn, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń rán ọmọ wọn lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ìjọba á ti ọ̀nà pa, wọ́n á ní kí àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìje máa bọ̀. Eré ìje náà ló ń jẹ́ TT. Yàtọ̀ sí ìgbà ogun, àti 2001 tí àrùn ẹran ọ̀sìn gbòde, àti 2020 sí 2021 tí Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, ó ṣòro kí ọdún kan kọjá kí wọ́n má sá a.

Ilé iṣẹ́ Kylotonn tó wà ní Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé, ló ṣe géèmù náà, ọdún 2018 ló jáde, òmíì sì tún ti jáde tẹ̀ lé e ní 2020 àti 2023. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé gbogbo ojú ọ̀nà náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n, wọ́n sì kó o wọnú géèmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, máìlì 37.73, ìyẹn ọgọ́ta kìlómítà ó lé díẹ̀. Kọ́nà tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kó fojú inú wo ìdajì ẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ abúlé ni wọ́n ń gbà kọjá, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ilé ọtí, orí afárá, orí òkè. Ní 2023, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Hickman fi BMW yí gbogbo ẹ̀ po ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógójì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìwọ̀n máìlì 136 ní wákàtí kan ló ń bá lọ, bí a bá pín eré rẹ̀ dọ́gba. Àwọn tó ń rin ìdajì ọ̀nà Ìbàdàn ní wákàtí méjì, ẹ ò rí nǹkan!

Kí ló dé tó fi jẹ́ erékùṣù kékeré yìí ni? Òfin ló fà á. Ní 1903, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ sáré ju ogún máìlì lọ ní wákàtí kan, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ti títì pa torí eré ìje. Isle of Man kì í ṣe ara United Kingdom, ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiẹ̀ tó ń jẹ́ Tynwald, táwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Tynwald ní tiwọn ní kò burú, ẹ máa bọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n sá TT àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1907. Charlie Collier tó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn tó ń lo alùpùpù onísílíńdà kan lọ́jọ́ náà ò sáré ju máìlì 38 lọ ní wákàtí kan. Àwọn ọlọ́kadà wa á fi rẹ́rìn-ín. Ọdún 1911 ni wọ́n wá gbé e lọ sí ojú ọ̀nà orí òkè yìí.

Ká padà sínú géèmù. Ẹni tó bá ti ṣubú ní Bray Hill tó ìgbà mẹ́wàá á kọ́gbọ́n dandan, á wá dé Quarter Bridge, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé bíréèkì náà ní àsìkò tiẹ̀. Union Mills, Crosby, Greeba, gbogbo ẹ̀ ń kọjá fìrì. Kò sí ẹni tó ń bá a fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóòótọ́ náà nìyẹn: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá síra wọn, aago ni kálukú ń bá jà. Tó bá dé Ballacraine, á yà sọ́tùn-ún, wàhálà Glen Helen sì dé nìyẹn. Igi bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òjìji àti oòrùn ń ṣẹ́jú síni, kọ́nà kan ò tíì tán tí òmíì fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ojú èèyàn ṣe lè mú tó tó máa rí ohun tó wà níwájú. Àfi kó ti há a sórí. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń gbá géèmù yìí fi máa ń lo oṣù bíi mélòó kan lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, táwọn ará ilé wọn á sì máa wò wọ́n bíi pé nǹkan ti ń ṣe wọ́n.

Ní abúlé Kirk Michael, títì há gádígádí, ògiri ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha èjìká. Ballaugh Bridge ló tẹ̀ lé e, afárá kékeré tó yọ iké lẹ́yìn. Ẹni tó bá sáré jù dé orí ẹ̀, alùpùpù á gbé e fò, ilé ọtí kan sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Nínú géèmù, kò sẹ́ni tí ò tíì fojú ara rẹ̀ kan ilé ọtí yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sulby, tí ọ̀nà ti gùn gbọọrọ, tí alùpùpù gidi fi máa ń sún mọ́ igba máìlì ní wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti jáde nílùú Ramsey, tó ń gun òkè lọ, gbogbo nǹkan á yí padà. Igi tán, ilé tán. Koríko àti ojú ọ̀run ló kù, pẹ̀lú ọ̀nà kan tó ń wé mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell bí okùn. Níbi tó ga jù, ó lé ní 1,300 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun. Ibẹ̀ rẹwà débi pé àwọn kan wà tí wọn ò bìkítà fún aago mọ́ tí wọ́n bá gbá a débẹ̀, wọ́n á kàn máa gùn ún lọ jẹ́jẹ́. Bungalow ni wọ́n ń pe ibi tí irin rélùwéè ti dá ọ̀nà kọjá. Tí èèyàn bá dé ibẹ̀ lójúkojú, á rí ère Joey Dunlop lórí Honda rẹ̀, tó ń wo kọ́nà. Ọmọ Ireland apá àríwá ni Joey, ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gba ipò kìn-ín-ní ní TT láàárín 1977 sí 2000. Ọ̀nà náà ò pa á. Estonia ló ti kú, níbi eré ìje mìíràn, lóṣù keje ọdún 2000 yẹn náà. Michael, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló wá kọjá iye rẹ̀ ní 2024.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín pálọ̀ àti Bray Hill nìyí. Nínú géèmù, ẹni tó bá ṣubú á yí gbirigbiri, ojú tẹlifíṣàn á ṣókùnkùn díẹ̀, á sì tún bá ara ẹ̀ lórí alùpùpù láàárín títì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló pàdánù. Ní ojú ọ̀nà gidi, Victor Surridge ló kọ́kọ́ lọ ní 1911, nígbà tó ń gbára dì ní Glen Helen. Láti ìgbà náà, àwọn tó ti kú níbi eré ìje lójú ọ̀nà yìí ti lé ní 260.

Lẹ́yìn Bray Hill, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ago's Leap, kò tíì pé máìlì kan síbi tí wọ́n ti ń gbéra. Nínú géèmù, ibẹ̀ máa ń dùn mọ́ni gan-an, torí ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù á gbéra nílẹ̀, ẹni tó ń gbá a á pariwo. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2022, bàbá kan, Roger Stockton, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ń wa alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ̀ níbẹ̀. Bradley, ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa bá wọn kópa ní TT. Ago's Leap yẹn ni àwọn méjèèjì kú sí.

Síbẹ̀, ìgbà mìíràn géèmù ló ń gbé èèyàn dé ọ̀nà náà. Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń sáré ìje gan-an tí wọ́n ti sọ ọ́ pé kí àwọn tó débẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, inú géèmù àti fídíò làwọn ti kọ́ kọ́nà. Wọ́n mọ Kirk Michael kí wọ́n tó mọ ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ páàdì ò lè fúnni ní atẹ́gùn tó ń fa ọrùn, òtútù orí òkè, àti kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ akoto títí èèyàn ò fi ní ríran. Èyí táwọn Sega ṣe ní 1995, Manx TT Super Bike, tiẹ̀ gbìyànjú díẹ̀: alùpùpù ńlá kan ni wọ́n gbé síwájú tẹlifíṣàn, èèyàn á gùn ún gan-an, á máa fi ara rẹ̀ tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n wá gbé e wọ Sega Saturn ní 1997, wọ́n fi àwàdà kan sí i pé ẹni tó bá mọ idán ẹ̀ lè gun àgùntàn sáré dípò alùpùpù. Ẹni tó bá ti rí bí àgùntàn ṣe pọ̀ tó ní Isle of Man á mọ̀ pé wọn ò ṣàwàdà jìnnà.

Ohun kan tún wà. Lójú ọ̀nà tó ti pápákọ̀ òfurufú lọ sí Douglas, afárá kékeré kan wà tí wọ́n ní àwọn iwin ló ni ín. Ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré TT ni kì í sì í fi jáfara. Ẹni tó bá rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń kí igi ìrókò, kó lọ béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí eré ìje bá parí, wọ́n á ṣí ọ̀nà. Wọ́n á kó àwọn tìmùtìmù ńlá tí wọ́n fi bo ògiri àti òpó kúrò nígbà tí àsìkò TT bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ elérò á tún máa lọ, á máa bọ̀. Obìnrin kan á sì wa mọ́tò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Bray Hill jẹ́jẹ́, pẹ̀lú búrẹ́dì lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tan iná pé òun fẹ́ yà sílé òun.