Ilé Ni À Ń Wò

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọmọ mu, ó sì bá àrùn mu pẹ̀lú. Ará Ìjẹ̀bú tí ó lọ ṣòwò ní Kánò kò di Hausa nítorí pé ibẹ̀ ni a ti bá a. Bí a bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, ilé baba rẹ̀ ni a ó bèèrè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àrùn jẹjẹrẹ rí. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ hù ni ó ń fún un ní orúkọ, ibikíbi tí ó wù kí a ti padà bá a nínú ara.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí àwọn oníṣègùn ń pè ní páńkíríásì. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe: ó ń tú omi tí ń mú kí oúnjẹ dà sínú ìfun, ó sì ń tú ínsúlíìnì, tí ń káwọ́ ṣúgà, sínú ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ lè hù nínú òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àlejò ni ó wọ̀ sí ibẹ̀. Jẹjẹrẹ kíndìnrín ni ó sábà ń ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀ jù. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni sàkómà, èyíinì ni jẹjẹrẹ tí ń hù nínú iṣan, ọ̀rá, òpó ẹ̀jẹ̀ àti irú ẹran ara rírọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú 100 àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ ń bá jà, nǹkan bí ẹnìkan ṣoṣo ni tirẹ̀ ń jẹ́ sàkómà yìí. Bí ó bá sì ṣí kúrò níbi tí ó ti hù, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà ń forí lé, kì í ṣe páńkíríásì.

Ní ọdún 1889, Stephen Paget, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ìtàn àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò. Ó rí i pé àrùn náà kì í kàn ṣàdédé fọ́nká. Ó ní àwọn ibi tí ó yàn láàyò. Ó fi í wé irúgbìn, tí a lè gbé lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n tí kì í hù bí kò ṣe ní ilẹ̀ tí ó bá gbà á. Àgbẹ̀ kò jẹ́ jiyàn èyí. Irúgbìn náà a sì máa dákẹ́ nínú ilẹ̀ ní ọdún púpọ̀ nígbà mìíràn, kí ó tó yọ orí.

A ti fi ojú wa rí i. Nínú ìbẹ̀wò tí iṣẹ́ wa ń mú wa ṣe sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, a bá ìyá kan, ẹlẹ́lùbọ́, tí inú ń dùn, tí ó ti rù, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú, nítorí pé kókó kan ti dí ọ̀nà omi òróòro. Wọ́n ti sọ ní ilé ìwòsàn pé jẹjẹrẹ páńkíríásì ni. Àwọn ará ilé ń wí pé ọ̀tá ni ó rán an sí i. A bèèrè bóyá àìsàn ńlá kan ti ṣe é rí. Ó ní rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó rántí pé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n gé kókó kan kúrò ní itan ìyá òun.

Ìyá náà wí pé, “Ìyẹn ti tán, Baba Ìjọ. Itan ni ìyẹn. Inú ni èyí.”

Ọmọ náà ṣí àpótí, ó sì mú ìwé ìtọ́jú ìgbà náà jáde, tí a ká mọ́ ìwé ìrìbọmi. A bá wọn mú un lọ. Dókítà kà á, ó tún un kà, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú kókó inú náà. Lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, irú èyí tí a gé ní itan ni wọ́n rí. Àrùn kan náà ni, kì í ṣe méjì. Oògùn tí wọ́n ti pinnu láti fún un yí padà, nítorí ti sàkómà yàtọ̀ sí ti jẹjẹrẹ páńkíríásì. A kì yóò purọ́ pé ara rẹ̀ yá pátápátá. Ó lo ọdún méjì sí i. Ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ jó kí ó tó lọ sinmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka ìwé fún àwọn òbí yín, kókó tí ń tóbi sí i, pàápàá èyí tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ fi í han dókítà, bí kò tilẹ̀ dunni. Ọ̀pọ̀ sàkómà kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó máa padà lọ fún àyẹ̀wò títí ọdún tí wọ́n dá fún un yóò fi pé. Bí dókítà bá bèèrè ohun tí ó ti ṣe yín rí, ẹ má ṣe yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ilé àrùn ni ó ń bèèrè. Ẹ tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a fi í wé àkàrà.