Ohun tí kíka ọkọ̀ kì í fi hàn ní Adó-Èkìtì

Láti ọdún 1996 tí Adó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àárín ìgboro kan náà ni ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ti Ìyìn àti ti Ìjàn ṣì ń já sí. Orí kíka ọkọ̀ ní oríta ni iṣẹ́ olùṣètò ìrìnnà, ìyẹn ẹni tí ń fi ìṣirò pinnu ibi tí ọ̀nà àti ibùdókọ̀ yẹ kí ó wà, sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀kadà lọ́tọ̀, márúwá lọ́tọ̀. Afárá olókè tí ìjọba Fáyóṣé, gómìnà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kọ́ sí àárín ìgboro yìí wúlò lóòótọ́ fún ẹni tí ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n aláta tí ó ń lọ sí Ọjà Ọba, tí agbọ̀n tòmátò rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ìsàlẹ̀ ni yóò ti bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pàdé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ka ọkọ̀ kì í bi í léèrè ibi tí ó ń lọ.