Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọ̀rọ̀ fóònù ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé a mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ń lọ sọ́jà lọ́la lè rí nǹkan mú dání.

Ìyá wa ti dàgbà. Yàrá kan ní agbo ilé wa nítòsí Ọjà Ọba ní Ìlọrin ni wọ́n ń gbé. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àbúrò wa obìnrin wà ní London, ó sì ti di ọdún mẹ́jọ tí kò fojú kàn wọ́n. Nígbàkígbà tí a bá ya àwòrán wọn ránṣẹ́ sí i, gèlè funfun àti eyín nìkan ló máa ń hàn. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ojú Ìyá ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe gèlè wọn." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára púpọ̀.

Owó tó wà lọ́wọ́ wa kò ju 240,000 náírà lọ, inú owó tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni a sì ti yọ ọ́. Ẹ ṣáà rántí pé ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ọjà òkèèrè ni fóònù, kò lè ṣàì wọ́n. Ọmọ wa tó wà ní Unifásítì Ìlọrin ní kí a ra ti olórúkọ ńlá, 1,200,000 náírà, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀. A ní kí ó jẹ́ kí a fojú ara wa wò ó ná, nítorí ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

A dé ìsọ̀ kan ní Taiwo Road. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé fóònù 240,000 kan síwájú wa. Ó ní, "Alhaji, ohun tó wà nínú ti olówó gọbọi ló wà nínú èyí náà. Kámẹ́rà 108, RAM 16!" Ọmọ wa gba páálí, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "8+8" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a là á yé yín: RAM dà bí tábìlì tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, àyè ìpamọ́ sì dà bí àká. 8 ni ojúlówó tábìlì. 8 yòókù, inú àká ni ó ti yá a, kò sì lè yára tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíọ̀nù 108 ti kámẹ́rà. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ẹ̀yà mẹ́sàn-án pọ̀ di ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, nítorí náà àwòrán mílíọ̀nù 12 ló sábà máa ń gbé jáde.

A wá ní kí ó mú méjèèjì, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú, kí a jọ wọ yàrá ìkẹ́rù tó ṣókùnkùn lẹ́yìn ìsọ̀. A ya ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó dúdú bíi tiwa. Ojú ọmọ náà hàn nínú méjèèjì, títí kan àpá kékeré tó wà níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ó ń rìn kiri ni ìyàtọ̀ dé: ti olówó pọ́ọ́kú dàrú, ti olówó ńlá dúró. Ṣùgbọ́n Ìyá wa kì í sáré.

Èyí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Transsion ti Shenzhen ní Ṣáínà, tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ó sì dojú kọ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé síìmù méjì là ń lò, wọ́n ṣe fóònù onísíìmù méjì. Wọ́n rí i pé iná kò dúró, wọ́n ṣe bátìrì tó ń pẹ́. Wọ́n sì kó àwòrán àwọn aláwọ̀ dúdú jọ kí kámẹ́rà lè mọ ojú wa. Google pàápàá, ọdún 2021 ni ó tó gbé Real Tone jáde lára Pixel 6 fún irú iṣẹ́ yìí.

A kò ní dárúkọ èyí tí a rà, kí ó má dà bí ìpolówó. Ó ní àléébù: ìpolówó ọjà máa ń já lu iṣẹ́ wa lójú rẹ̀, ọ̀kan nínú ojú kámẹ́rà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Samsung ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje fún Galaxy S24 ní 2024. Ti irú tiwa kì í ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ. A ṣírò rẹ̀: 1,200,000 fún ọdún méje jẹ́ nǹkan bí 171,000 lọ́dún; 240,000 fún ọdún mẹ́ta jẹ́ 80,000. Bí olè bá sì gbé e, àdánù náà kò ní wó ilé wa.

Kí a tó sanwó, a tẹ *#06#, a fi nọ́ńbà tó jáde wé ti ara páálí, a sì gba risíìtì. Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a ya Ìyá wa nínú yàrá wọn, a sì fi ránṣẹ́. Àbúrò wa kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rí ilà ojú wọn." Ìyá wa gba fóònù náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe darúgbó tó nìyí, ẹ ò sì sọ fún mi?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ó tó wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Òrùlé wa ṣì ń jò díẹ̀, a ó tún un ṣe bí Ọlọ́run bá fẹ́.