Alamí Ojú Sánmà ní Middle Wallop

Ẹni tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Middle Wallop yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Andover, yóò sì wá takisí. Ní etí pápá ọkọ̀ òfúrufú oníkoríko kan ni Army Flying Museum wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìtàn fífò wọn jọ sí.

Nítorí Auster ni mo ṣe lọ. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi aṣọ bò ni ara rẹ̀. Kò sì ní ìbọn kankan. Ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí òkè bá dí àwọn tó ń yin àgbá lójú, wọn kò ní mọ ibi tí ọta wọn ń bọ́ sí. Auster a máa rà bàbà lókè, awakọ̀ rẹ̀ a sì máa fi rédíò sọ fún wọn pé kí wọ́n sún un sí ọ̀tún, kí wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn tó ń yin àgbá gan-an ni wọ́n kọ́ ní ọkọ̀ òfúrufú wíwà, nítorí àwọn ni ọ̀rọ̀ ọta yé. (Ọgbọ́n yìí wú mi lórí ju ọkọ̀ náà lọ.)

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1942 ni wọ́n dá ikọ̀ 656 sílẹ̀. Ní 1943 wọ́n gbé Auster wọn gba Íńdíà, Major Denis Coyle sì ni ọ̀gá wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnlá nínú ogun Bọ́mà.

Bọ́mà yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Abẹ́ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnlá kan náà ni àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà. Ní àfonífojì Kaladan, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, ojú ọ̀run ni oúnjẹ ti ń já bọ́ sí wọn. Ibẹ̀ ni ìbọn ti ba Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní oṣù Kẹta 1944. Àwọn ará abúlé ni wọ́n fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun fi padà dé.

Mo tún yọjú wo gíláàsì Auster náà. Láti ibẹ̀, odò, òkè àti ewé ni awakọ̀ yóò máa rí. Abẹ́ ewé ni Fadoyebo wà.