Ohun Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìnkùlé Ìyá Mi



Káfíńtà ni mí ní Irolu. Lọ́dún 2009, mo yọ sílìn asbestos ilé ìyá mi, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo rì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni Màmá ń gbin ewédú sí. Àwọn ọmọ ń fi àfọ́kù rẹ̀ kọlẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì.

Àṣé kì í jẹrà! Ewédú kọ́ ló lẹ́bi o, eruku ni. Béèyàn bá fà á símú, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọdún 20 sí 40.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ bomú, ẹ wọ́nmi sí i, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá.

Mo ti ní kí Màmá má fi ọkọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Èmi ń ka ọdún.